Ẹni Tí Yóò Mu Omi Kẹ́yìn

Ọjọ́ Ajé, 14 Ọ̀wàrà

Bàbá Delvina, ó di ọjọ́ mọ́kànlélógójì tí ọkọ̀ òfurufú gbé ọ kúrò níbí lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Alice, tí o kò sì padà. Orúkọ rẹ kò ṣeé pè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò rẹ kò ṣeé wò, nítorí náà orúkọ ọmọ wa ni mo fi ń pè ọ́, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí inú rẹ bá ń bí mi. Ọmọkùnrin kékeré tí ẹ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ti di Kumanjayi báyìí, bí gbogbo ẹni tí òkú bá gba orúkọ lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ó máa ń wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Ẹnu mi wà ní pípadé. Wọ́n ti gé irun mi, efun wà lórí àti láyà mi, ọwọ́ nìkan ni mo fi ń sọ̀rọ̀ títí àwọn èèyàn rẹ yóò fi tú mi sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ bi Nangala, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, bóyá ìwé kíkọ lòdì sí àṣà náà. Ó wò mí títí.

"Ìyàwó," ó ní, "máa pariwo nínú ìwé bó ṣe wù ọ́. Àwa ò sáà ní gbọ́."

Nítorí náà mo ń pariwo.

Ilé ìwé wọlé lónìí. Láti àgọ́ àwa opó, mo ń rí gbogbo àgbàlá wọn láti ẹ̀yìn wáyà. Gareth, ọ̀gá ilé ìwé, ti kun kíláàsì tí o ti ń kọ́ni ní àwọ̀ ìyeyè, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti máa sọ bí inú wọn ṣe rí. Nangala ló fi èéfín ewé wẹ ibẹ̀ lẹ́yìn tí o lọ. Aago iná dún, ọ̀gá ilé ìwé yìí kan náà sì fi agolo ìpaná pupa rẹ̀ fọ́n ìfófòó lu àwọn ìyá àgbà mẹ́ta. Nangala ní òun kò tíì rí ibi tí a ti ń pa òkú ní ẹ̀ẹ̀kejì.


Ọjọ́rú, 16 Ọ̀wàrà

Mo fẹ́ kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀, kí ìbínú yìí má baà rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà òtútù ni Gareth dá Ọjọ́ Ẹtì rẹ dúró. Ó ní kíkó ọmọ lọ sí odò gbígbẹ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ọmọ méjì tí wọ́n bá jà láàárín ọ̀sẹ̀, ìwọ a fi wọ́n sí etí ihò kan náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọn a máa fi agolo gbẹ́ yanrìn, ọ̀rọ̀ kò sì gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí omi yóò fi sun. Ẹni tí ó jẹ̀bi ni í mu omi kẹ́yìn. Ìwọ kì í dárúkọ rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń mọ̀. Gareth wá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bi ọ́ pé, "Níbo ni wọ́n ti wá ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n?"

Lẹ́yìn náà ni ó gbé àwọn káàdì rẹ̀ dé. Ó fún ọ ní aláwọ̀ búlúù, èyí tí ojú ẹlẹ́kún wà lára rẹ̀, ó ní kí o gbé e sókè níwájú àwọn ọmọ tí o kọ́ ní ipasẹ̀ awọ́nríwọ́n, kí o wí pé, "Inú mi bàjẹ́ lónìí." O gbé e sókè. O wí i. Àwọn ọmọ wolẹ̀. O délé, o kò jẹun.

Nọ́ọ̀sì ní kíndìnrín ló pa ọ́, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kọ́kọ́ gba ohun tí o ń torí rẹ̀ jí láàárọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ gan-an lo ní kí a sọ ọ́ ní orúkọ ẹbí wa, Jungarrayi, nígbà tí ó dé, kí ó lè jẹ́ arákùnrin fún èmi Nungarrayi, kí ó rí ilé tí yóò ti máa jẹun. Wo bí àna rẹ ṣe san án fún ọ.

Kò tíì kú, nítorí náà orúkọ tirẹ̀ ṣeé kọ. Gareth. Gareth. Gareth.


Ọjọ́ Ajé, 21 Ọ̀wàrà

Ìjì eruku. Ìyẹ̀fun ti gòkè sí dọ́là mọ́kànlá. Atẹ́gùn gbé fìlà Gareth, ó lé e títí dé ẹ̀yìn ilé epo, ajá méjì sì ń lé òun náà. Inú mi dùn títí di ìrọ̀lẹ́.


Ọjọ́ Ẹtì, 25 Ọ̀wàrà

Delvina ti pa ẹnu tirẹ̀ dé pẹ̀lú mi. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Mo rò pé eré ni, pé ebi ọ̀rọ̀ yóò pa á tí yóò sì tú. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì.

Nangala bá a wí níwájú mi. "Àṣà yìí kò kan ọmọdé. Ẹnu tìẹ kò ṣe opó. Ó yá, bú mi. Ṣebí o mọ̀ ọ́n ṣe."

Delvina fi ọwọ́ dá a lóhùn pé, "Ṣé Màmá nìkan ni kó wá dákẹ́ ni?"

Nangala yíjú sí àwọn ajá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jà láìnídìí.

Ní ilé ìwé, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dìde láàárọ̀, kí ó mú ojú kan láti ara ògiri, kí ó sì sọ̀rọ̀. Delvina dìde. Ó fi ọwọ́ wí pé, "Bàbá mi wà nínú ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń hanrun." Gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Gareth nìkan ni kò gbọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò lè sọ ohun tó ń ṣe é.


Ọjọ́rú, 30 Ọ̀wàrà

Nangala mú ìròyìn wá. Àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ ń bọ̀ láti ìlú Darwin ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ wo yàrá aláwọ̀ ìyeyè náà. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí yóò yẹ Delvina wò. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yọ, wọn yóò mú un lọ sí ilé ìwé kan nílùú níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn.

Gareth gba Ọjọ́ Ẹtì lọ́wọ́ rẹ. Ó wá ku ọmọ tí yóò gbà lọ́wọ́ mi.

Mo fi ọwọ́ bẹ Delvina títí ọwọ́ fi ro mí. Sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Sọ ohunkóhun fún wọn. Ó kàn dì mọ́ mi.

Láti òní lọ, ìyà ni mo ń wá fún ọkùnrin yẹn bí ẹni ń wá igi ìdáná.


Ọjọ́ Ajé, 4 Bélú

Ó gbé ìyà náà wá fún mi fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin kì í dé àgọ́ opó. Gareth gba àárín àwọn ajá kọjá, ó ń kí wa lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó wá ta aṣọ. Àwọn yòókù fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Ó jókòó sórí agolo ìyẹ̀fun tó ṣófo.

"Màmá Delvina, mo mọ̀ pé ẹ kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Mo ti ń rò ó. Mi ò ṣe dáadáa tó sí ọkọ yín." Ó nu ojú. "Yàrá tuntun yẹn, orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Màá kọ ọ́ sókè ẹnu ọ̀nà. Mo tún ní fọ́tò rẹ̀ kan tó ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fún mi ní Alice, kó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ á máa rí i lójoojúmọ́."

Ó sì pe orúkọ rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì. Opó tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Tí ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn mi orí fún mi. Tí ẹ ò bá mì í, màá mọ̀ pé ẹ gbà."

Bàbá Delvina, orí mímì kò ná mi ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí àwọn àlejò láti Darwin, oúnjẹ wọn lórí tábìlì, yàrá tí ọmọ kankan kì yóò fẹsẹ̀ tẹ̀, àti òun láàárín wọn pẹ̀lú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, bí o ṣe dúró lọ́jọ́ náà. Nangala ìbá ti lé e jáde, ṣùgbọ́n ó ti lọ sí ibi òkú ní abúlé kejì, kò ní padà títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mú ọrùn mi le. Mo tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ ṣeun gan-an," ó ní. Omi ojú gidi ni ó wà lójú rẹ̀. N kò bìkítà.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Bélú

Ooru tó ń bó èèyàn lára. Ìkùukùu ṣú láti ìlà oòrùn, ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó lọ. Mo rí awọ́nríwọ́n kan pa nídìí òkè, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí o ti lọ. Ìrù rẹ̀ ni mo fún Delvina.

Ó ní wọ́n ti fi aṣọ bo nǹkan gìrìwò kan lára ògiri yàrá náà. Ó fi ọwọ́ bi mí pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo ní n kò mọ̀.


Ọjọ́bọ̀, 14 Bélú

Mo ti pète rẹ̀ dáadáa. Lálẹ́ àná, mo fi ọwọ́ sọ fún Delvina pé inú ń run mí, kí ó má lọ sí ilé ìwé lónìí. Nígbà tí mo jí, bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga gelete lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fi í sílẹ̀ kí ó máa sùn, mo lọ jókòó lẹ́bàá wáyà láti wo ìran mi.

Mọ́tò funfun mẹ́ta dé. Àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí kò tíì fojú kan eruku. Gareth ti to búrẹ́dì àti ọsàn sórí tábìlì, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi aáyan lọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó kí wọn káàbọ̀, ó sì pe orúkọ rẹ. Ó pè é pé pérépéré, pẹ̀lú ti bàbá rẹ. Orúkọ náà la abúlé já, ó lọ bá òkè, òkè sì dá a padà fún wa.

Àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu géètì yípo bí agbo ẹyẹ. Àwọn ìyá gbé àwọn kéékèèké. Àwọn bàbá tó wà lábẹ́ igi dìde, wọ́n kẹ̀yìn sí ilé ìwé, wọ́n lọ. Ẹkún sọ láti ilé kan, ó sọ láti ìkejì. Nígbà tí eruku yóò fi rọlẹ̀, Gareth àti àwọn àlejò nìkan ló kù, àti eṣinṣin lórí búrẹ́dì. Ó ń wò yíká. Àwọn káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, búlúù ló sì wà lókè.

Mo rẹ́rìn-ín lábẹ́ efun mi. N kò ní purọ́ fún ọ. Ó dùn ju oyin èèrà tí a ń hú nínú ilẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni bùláńkẹ́ẹ̀tì Delvina dìde, ó na ara, ó sì yán. Ajá ni.

Ọmọ kan wá sọ fún mi lẹ́bàá wáyà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Delvina ti lọ. Ó fẹ́ gba tíì fún mi ní ilé ìdáná wọn, nítorí inú tó ń run mí. Ó jókòó nínú yàrá aláwọ̀ ìyeyè náà, ó ń dúró kí wọ́n ṣí ilé ìdáná, nígbà tí ẹnì kan wọlé tí ó ká aṣọ kúrò. Ó lọ síbi ògiri. Ó fọwọ́ kan ojú rẹ. Bí orúkọ náà ṣe dún lókè orí rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sá wọ inú igbó.

Mo lanu. Mo fẹ́ pe ọmọ mi. Ẹnu tí mo dì fún ọ kò tú, Bàbá Delvina.

Àsìkò náà ni mọ́tò Nangala wọlé láti ibi òkú. Àwọn ọmọ ro gbogbo rẹ̀ fún un kí ó tó pa ẹ́ńjìnnì. Ó lọ bá Gareth tààrà.

"Ìwọ Jungarrayi. Kí ni ọmọ yẹn jẹ́ sí ọ?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ arábìnrin rẹ. Tí ọmọ bá sọnù, arákùnrin ìyá rẹ̀ ní í kọ́kọ́ wá a. O wá dúró síbí bí òpó tẹlifóònù."

"Mo bi ìyá rẹ̀ kí n tó ṣe é," Gareth ní. "Mo ní kó mi orí tí kò bá fẹ́. Kò mì í."

Nangala yíjú sí mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì rí i pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

"Wọ mọ́tò," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì."

Nangala ń rìn níwájú, ó ń ka ẹsẹ̀ ọmọ nílẹ̀, Gareth ń wa Toyota ilé ìwé lẹ́yìn rẹ̀. Ooru náà lè pa ẹyẹ lórí igi. "Má fi táyà tẹ ẹsẹ̀ ọmọ, afọ́jú," Nangala ń pariwo. "Ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ yẹn nìkan ló kù tí a fi lè rí i." Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn Gareth. Mo rò ó pé tí ọmọ mi bá kú, òun ni yóò tẹ̀lé e. Mo sì tún rò ó pé ẹni kẹta á wà.

Odò rẹ ni a ti rí i. Ó wà nínú ihò, ó ti gbẹ́ ẹ débi tí èjìká rẹ̀ kò yọ mọ́, yanrìn náà sì gbẹ síbẹ̀. Ètè rẹ̀ ti là. Gareth na ìgò omi rẹ̀ sí i, ó tì í dànù. Mo na tèmi, ó ti tèmi náà. Ti Nangala ni ó mu.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ sókè sí mi. "Ṣé ẹ mọ̀?"

Ọwọ́ mi kọ̀ láti purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní mo mọ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 15 Bélú

Ọ̀dọ̀ Nangala ni Delvina sùn. Ajá rẹ̀ náà tẹ̀lé e lọ.


Ọjọ́ Ajé, 18 Bélú

Gareth fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ fọ́tò náà, ó kọ ojú rẹ̀ sínú kí ó tó gbé e fún Nangala. Ó fi ọ̀bẹ ha orúkọ kúrò lókè ilẹ̀kùn. Kí wọ́n tó fi èéfín wẹ yàrá náà, òun ló kọ́kọ́ gun àga, ó sì pa aago iná. Nangala ní ràkúnmí pàápàá ń kọ́gbọ́n tí a bá lù ú pẹ́.

Obìnrin Darwin ní òun yóò padà wá nígbà tí sáà bá ń parí, òun yóò wo Delvina nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ Nangala pe èmi àti Gareth síta.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń jà, ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí àbúrò mi máa ń ṣe fún irú yín. Ọjọ́ Ẹtì."

"Yóò gba tó wákàtí mélòó?" Gareth bi í.

"Títí omi á fi sun."

"Mo ní ìpàdé lágogo mẹ́wàá."

"Lọ sọ fún omi."


Ọjọ́ Ẹtì, 22 Bélú

Gbogbo ilé ìwé ló tẹ̀ lé wa. Àwọn ọmọ jókòó sí etí odò lábẹ́ òjìji bí ẹni wá wo bọ́ọ̀lù. Èmi wà níhìn-ín, Gareth wà lọ́hùn-ún, ihò wà láàárín.

Ó gbádùn mọ́ mi ní ìbẹ̀rẹ̀. Èékánná rẹ̀ ya. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ata. Àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ bú u, wọ́n ní ìdí rẹ̀ rí bí àpò ìyẹ̀fun tó jò, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn nítorí kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, Kumanjayi kékeré da yanrìn lù ú. Mo ń gbẹ́, mo sì ń ro ìgbà tí gbogbo wa yóò ti mu omi tán tí òun nìkan yóò ṣẹ́kù, tí ọ̀fun rẹ̀ yóò ti gbẹ, tí gbogbo àwọn ọmọ yóò sì máa wò ó.

Lẹ́yìn ọ̀sán yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Lẹ́yìn náà ó tutù. Agolo mi àti tirẹ̀ kanra nísàlẹ̀, a kò wo ara wa. Omi sun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ìfófòó díẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe fún ọ.

Delvina sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó gba agolo lọ́wọ́ mi, ó bù ú. Ó fún Nangala. Ó fún àwọn ọmọ, láti orí kékeré dé àgbà. Òun náà mu. Èmi àti Gareth ló kù. Mo na ọwọ́.

Ó gbé e kọjá mi. Ó fún Gareth. Gareth fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu, omi ń dà sí àgbọ̀n rẹ̀.

Delvina wá kọjú sí mi. Ó la ẹnu. Ohùn tó jáde ha, bí ilẹ̀kùn tí a kò tíì ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa mu kẹ́yìn."

Gareth gbórí sókè. Ó lanu, ó tún pa á dé. Ohun kan ṣoṣo tí mo tíì rí pé ó kọ́ nìyẹn.

Mo gba agolo. Ìsàlẹ̀ ló kù, ìdajì yanrìn, ìdajì omi. Mo mu ún tán níwájú gbogbo wọn. Ó sì jókòó tì mí, ó gbé orí lé orókùn mi, ó ń sọ fún Nangala pé ebi ń pa òun, ó ń sọ ọ́ léraléra.

Bí a ṣe ń padà, Gareth sọ fún Nangala pé obìnrin Darwin yóò gbọ́ ohun tí òun gbọ́ lónìí, pé ọmọ kò lọ síbì kankan. Ó ní Toyota yóò máa wà fún wa ní Ọjọ́ Ẹtì.

N kò tíì dárí jì í. Mo ṣì fẹ́ kí fìlà rẹ̀ máa fò lọ. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin méjì ti ń jà lórí kẹ̀kẹ́ láti àná, ọ̀kan ti ya etí èkejì. Ní Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ màá kó wọn lọ sí odò, àti èyí tó tẹ̀ lé e, àti lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹnu mi tú, bí kò tú, Bàbá Delvina, màá máa gbẹ́ ihò náà.